Iyọ̀ Àpáta: Òkun Àtijọ́ Tó Di Òkúta

Ẹ ti lè rí i lórí Instagram tàbí lórí WhatsApp: iyọ̀ píǹkì nínú ìgò kékeré tó rẹwà, tí wọ́n kọ Himalaya sí lára. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé kẹ́míkà ló kún inú iyọ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n èyí, bí Ọlọ́run ṣe dá a ló wà, ó ní mínírà 84 nínú, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ó ń mú kí ara jọ̀lọ̀. Iye tí wọ́n ń ta ìgò kan, èèyàn lè fi ra iyọ̀ tí odindi ìdílé máa jẹ fún oṣù mélòó kan.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Iyọ̀ àpáta wà lára àwọn nǹkan tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá sọ ọ́ di àgbo gbogboǹṣe. Ìtàn tó wà nínú òkúta yẹn gan-an tóbi ju èyí tí wọ́n ń kọ sára ìgò lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí: kí ni iyọ̀ àpáta, báwo ló ṣe dé inú ilẹ̀, kí ló sọ ọ́ di píǹkì, kí sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ já mọ́ fún ẹni tó ń se ọbẹ̀.

Ṣé òkúta ni iyọ̀ ni?

Òkúta ni. Kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó lè pe nǹkan ní mínírà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ti inú ayé wá fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀, kó le, kó má jẹ́ ara ewéko tàbí ti ẹranko, kí èròjà inú rẹ̀ má yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn, kí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì tò létòlétò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Yìnyín tó ń já látojú ọ̀run yege nínú ìdánwò yìí, ẹ gbà á gbọ́. Ṣúgà kò yege, torí ara ìrèké ló ti jáde. Èédú tí wọ́n máa ń wà ní Ẹnúgù tẹ́lẹ̀ náà kò yege, igi àtijọ́ ni. Iyọ̀ yege dáadáa. Orúkọ tí wọ́n ń pe mínírà náà ni halite, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí iyọ̀. Tí halite bá wá kóra jọ púpọ̀ nínú ilẹ̀ títí tó fi di àpáta, iyọ̀ àpáta la ń pè é.

Nǹkan méjì péré ló parapọ̀ di iyọ̀: sodium àti chlorine. Sodium nìkan, irin tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè gé e ni, tó bá sì kan omi, iná lè sọ. Chlorine nìkan, gáàsì olóró ni. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Àwọn méjèèjì wá pàdé, wọ́n di ohun tí a ń fi sínú ọbẹ̀ ilá. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, sodium á fún chlorine ní nǹkan kan, ìyẹn elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ní ìwà tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹ má jẹ nǹkan kan torí “kẹ́míkà wà nínú rẹ̀”.

Nínú iyọ̀, sodium kọ̀ọ̀kan ní chlorine mẹ́fà tó yí i ká: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni chlorine kọ̀ọ̀kan ní sodium mẹ́fà. Torí pé báyìí ni wọ́n ṣe tò láti inú dé ìta, iyọ̀ máa ń fẹ́ rí bíi dáìsì Lúdò. Ẹ da iyọ̀ díẹ̀ sórí aṣọ dúdú, kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín sún un mọ́ra dáadáa. Ẹ óò rí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké. Tí ẹ bá rí òkúta iyọ̀ ńlá tí ẹ fi òòlù lù ú, kò ní fọ́ jákujàku bí ìgò. Á là sí dáìsì kéékèèké, tí ẹ bá tún lu ìyẹn, á tún là sí dáìsì tó kéré sí i. Kò tiẹ̀ le. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn líle òkúta, tí dáyámọ́ńdì gba 10, nǹkan bíi 2 sí 2.5 ni iyọ̀ gbà. Ṣónṣó ọ̀bẹ á ha á láìlágbára.

Òkun tó gbẹ

Ibo ni òkúta yìí wá ti wá? Omi ló ti wá, ìdáhùn kúkúrú nìyẹn. Tí ẹ bá bu omi òkun kílò kan, tí ẹ sì sè é títí tó fi gbẹ pátápátá, nǹkan bíi gíráàmù 35 ni yóò ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iyọ̀ tí a ń jẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí ni pé àwọn nǹkan inú omi yẹn kì í já sílẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn, bí ìgbà táwọn èrò bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó, kálukú ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù tirẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ti fa omi náà tó fi ku bí ìdajì, ohun tó máa kọ́kọ́ já sílẹ̀ ni ìdílé òkúta tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Tó bá ku ìdá kan nínú márùn-ún, jípúsọ̀mù ló kàn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi ṣe P.O.P. sí àjà ilé. Ìgbà tó bá ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni iyọ̀ tiwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn tó máa kẹ́yìn ni àwọn iyọ̀ kíkorò tó ní potassium àti magnesium nínú. Torí náà, láìsí iléeṣẹ́ kankan, oòrùn àti àkókò ti ya iyọ̀ sọ́tọ̀ fúnra wọn, wọ́n tẹ́ ẹ lélẹ̀ ní ìpele ìpele. Tí onímọ̀ ilẹ̀ bá wa ilẹ̀ tó rí jípúsọ̀mù nísàlẹ̀, iyọ̀ láàárín, iyọ̀ kíkorò lókè, ó mọ̀ pé òkun kan ló kú síbí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ká ní òkun kan jìn tó mítà 1,000, tí gbogbo omi rẹ̀ sì gbẹ tán. Báwo ni iyọ̀ tó máa fi sílẹ̀ ṣe máa nípọn tó? Kò ju nǹkan bíi mítà 13 lọ, bóyá ilé alájà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà láyé tí iyọ̀ àpáta inú ilẹ̀ nípọn ju mítà 1,000 lọ. Kí òkun kan tó lè gbẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì fi irú ìyẹn sílẹ̀, ó máa jìn ju kìlómítà 70 lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìn jù nínú gbogbo òkun ayé lónìí kò tó kìlómítà 11.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló gbẹ. Omi tuntun ń wọlé, oòrùn ń fà á, òmíràn tún ń wọlé, bí ìgbà téèyàn bá ń se ẹ̀wà tí kò tètè rọ̀, tó ń bu omi kún un, tí omi ń gbẹ, tí iyọ̀ inú ìkòkò wá ń pọ̀ sí i. Òkun bẹ́ẹ̀ ní láti wà níbi tí oòrùn ti mú, tí òjò kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, kí ẹnu ọ̀nà tó so ó pọ̀ mọ́ òkun ńlá sì há gan-an.

Òkun Mẹditaréníà, tó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù, ló ṣe irú èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ní 1970, ọkọ̀ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Glomar Challenger lọ lu ihò sí ìsàlẹ̀ òkun náà, ó sì fa jípúsọ̀mù àti iyọ̀ jáde láti abẹ́ ibi tí omi ti jìn gidigidi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìwádìí, ohun tí wọ́n rí ni pé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà tí omi Àtìláńtíìkì fi ń wọ inú rẹ̀ há mọ́ ọn. Fún ohun tó lé ní 600,000 ọdún, omi tí oòrùn ń fà pọ̀ ju omi tó ń wọlé lọ. Iyọ̀ tó fi sílẹ̀ nípọn ju kìlómítà kan lọ láwọn ibì kan. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí omi náà ṣe lọ sílẹ̀ tó. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.33 ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà ṣí padà, òkun sì kún. Iyọ̀ yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ báyìí, ẹrẹ̀ ti bò ó.

Òkúta tó ń rìn

Ìgbà tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn bá bo iyọ̀ mọ́lẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìtàn ti parí. Rárá o. Iyọ̀ kì í wúwo bí àwọn òkúta tó bá jókòó lé e lórí, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí bí ọṣẹ ìfọyín ṣe máa ń ṣe téèyàn bá tẹ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ṣe ń yọ́ rìn, díẹ̀díẹ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí tó fi máa gún òkè bí òpó ńlá tó ga ní kìlómítà mélòó kan. Omi àti epo kì í lè gba inú iyọ̀ tó ki báyìí kọjá, torí náà epo rọ̀bì máa ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú òpó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wa epo fi máa ń wá iyọ̀ kiri. Ìjọba Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti gbẹ́ ihò ràgàjì sínú irú àpáta iyọ̀ yìí ní Texas àti Louisiana, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú epo rọ̀bì tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro.

Epo kì í ba iyọ̀ jẹ́. Omi tí kò ní iyọ̀ nínú ni ọ̀tá rẹ̀, torí lítà omi kan lè yọ́ nǹkan bíi gíráàmù 360 iyọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní adágún Peigneur ní Louisiana lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1980 jẹ́rìí sí i. Àwọn awakọ̀ epo ń lu ihò lórí adágún náà, ibi tí kò jìn rárá, nǹkan bíi mítà 3 péré. Ibi ìwakùsà iyọ̀ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, irin tí wọ́n fi ń lu ihò sì dá àjà rẹ̀ lu. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọlé, ó ń yọ́ àwọn òpó iyọ̀ tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ kó lè gbé àjà dúró, ihò náà sì ń fẹ̀ sí i. Láàárín wákàtí mélòó kan, adágún ti gbé ẹ̀rọ náà mì, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù 11 mì, ó gbé igi àti ilẹ̀ mì. Odò tó máa ń ṣàn láti inú adágún lọ sí òkun yí ẹ̀yìn padà, omi òkun wá ń ya wọlé bí ìṣàn orí àpáta. Àwọn òṣìṣẹ́ 55 wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ló jáde láàyè. Nígbà tí ihò kún tán, mẹ́sàn-án nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù yẹn tún léfòó padà.

Ìlú tí wọ́n fi iyọ̀ kọ́

Tí òjò àti omi bá jẹ́ ọ̀tá iyọ̀ àpáta, a jẹ́ pé inú aṣálẹ̀ ló ti lè wà nítòsí òkè ilẹ̀ láìsí ewu. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ìlú Tangier ní Morocco, dé Taghaza ní 1352. Ìlú náà wà ní apá àríwá ibi tí a ń pè ní Mali lónìí. Ó ní búlọ́ọ̀kù iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ilé àti mọ́sálásí níbẹ̀, awọ ràkúnmí ni wọ́n sì fi bò ó lórí. Kò sí igi kankan níbẹ̀. Wọ́n ń wa ilẹ̀, wọ́n ń bá iyọ̀ pàdé ní pákó pákó, bí ẹni pé ẹnì kan ti gé e sílẹ̀. Ràkúnmí kan a máa ru pákó méjì.

Ẹrù ràkúnmí kan tí wọ́n ń tà ní wúrà mítíkálì 8 sí 10 ní Walata, ó ní ó máa ń di 20 sí 30 tó bá dé olú ìlú Mali, nígbà mìíràn ó tó 40. Kì í ṣe pé iyọ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Òun ni òun. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń sanwó fún. Àwọn tó ń wà á sì rèé, ẹrú ni wọ́n, oúnjẹ wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wá: èso déètì láti Morocco, ọkà bàbà láti ilẹ̀ àwọn èèyàn dúdú, àti ẹran ràkúnmí. Tí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá pẹ́ kó tó dé, ebi ni. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní iléèwé pé “wọ́n fi iyọ̀ pààrọ̀ wúrà”, wọn kì í dárúkọ àwọn yìí. Nígbà tó yá, wọ́n pa Taghaza tì, Taoudenni tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣì ń gé pákó iyọ̀ níbẹ̀ títí di àkókò tiwa yìí, wọ́n sì ń kó o lọ sí Timbuktu.

Ṣé irú ẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá? Kò sí. Àpáta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, irú Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè, inú ooru tó jìn nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti wá, kì í ṣe ìsàlẹ̀ òkun tó gbẹ. Ká tiẹ̀ ní ó wà nítòsí òkè ilẹ̀, ẹ wo òjò oṣù kẹfà níbí o, kí ló máa kù? Àwọn tó wà létí òkun máa ń se omi òkun gba iyọ̀, àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún á rà á lọ́wọ́ oníṣòwò. Ohun tó bá nira láti rí bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu pé ó wọ inú àwọn ohun tí a fi ń wúre fún ọmọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ.

Ibi tó sún mọ́ ọn jù ní Nàìjíríà ni àfonífojì odò Bénúé. Ní nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, apá òkun kan wọ ibẹ̀. Omi oníyọ̀ ṣì ń sun jáde nínú ilẹ̀ ní Uburu àti Okposi ní ìpínlẹ̀ Ebonyi, àti ní Keana àti Awe ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Àwọn obìnrin ló ń pọn ọ́n, tí wọ́n ń sè é títí iyọ̀ fi máa jókòó. Kì í ṣe iyọ̀ àpáta ni wọ́n ń wà, omi ni, ṣùgbọ́n láti inú ilẹ̀ ló ti ń wá, ibẹ̀ sì jìnnà sí etí òkun.

Píǹkì yẹn ńkọ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìgò. Khewra, ní agbègbè Punjab ní orílẹ̀-èdè Pakistan, ni púpọ̀ nínú iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Himalaya ti ń wá. Kì í ṣe orí àwọn òkè Himalaya oníyìnyín tí wọ́n ń yà sára páálí rẹ̀. Àwọn òkè kéékèèké tó wà ní gúúsù rẹ̀ ni. Òkun tó gbẹ tó fi iyọ̀ yìí sílẹ̀ ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà náà, kò tíì sí igi kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ayé. Èmi ò mọ ohun mìíràn nínú ilé ìdáná tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Halite tó mọ́ kì í ní àwọ̀ kankan, bíi gíláàsì ló máa ń rí. Irin ló sọ tiwọn di píǹkì, irin kan náà tó sọ ilẹ̀ Ìbàdàn di pupa, tó sì ń sọ páànù ògbólógbòó di pupa. Ó kéré jọjọ. Iyọ̀ Khewra tó dáa, nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ sodium àti chlorine, gẹ́gẹ́ bíi ti iyọ̀ inú ọ̀rá tí ẹ ń rà lọ́jà.

Àwọn mínírà 84 tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ò kọjá ṣíbí ìmutíì kan. Tí ẹ bá jẹ gíráàmù 5 iyọ̀ píǹkì, ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.1. Inú gíráàmù 0.1 yẹn ni gbogbo mínírà yòókù wà, títí kan jípúsọ̀mù àti amọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan á fún yín ní potassium tó ju ti inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ̀rọ òde òní mọ bí wọ́n ṣe ń rí nǹkan tó kéré ju ọ̀kan nínú mílíọ̀nù lọ, torí náà téèyàn bá fi wo òkúta èyíkéyìí, á rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ kà. Òjé náà máa ń wà nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìyẹn polówó.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, sodium ló ń dá wàhálà sílẹ̀, sodium yẹn kan náà ló sì wà nínú píǹkì. Ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù, tó wá fi píǹkì rọ́pò funfun tó sì ń bù ú bó ṣe wù ú, kò tíì dín nǹkan kan kù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti iodine. Ọrùn wa ní ẹṣẹ́ kan nínú, ìyẹn táírọ́ìdì, tó nílò iodine láti ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà nílò nǹkan bíi máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́, aláboyún nílò 250. Tí kò bá rí i fún ìgbà pípẹ́, ẹṣẹ́ náà á wú, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Tí aláboyún ni kò rí i, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lè má dàgbà bó ṣe yẹ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí a lè tún ṣe lẹ́yìn ìbí. Ìdílé àwa tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ tún ní ìdí kan láti ṣọ́ra: láfún tàbí gàrí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa máa ń ní èròjà tó ń dí iodine lọ́wọ́ nínú ara.

Iyọ̀ àpáta kì í ní iodine tó nǹkan, torí nígbà tí òkun bá ń gbẹ, iodine kì í ráàyè wọ inú dáìsì sodium àti chlorine yẹn. Nítorí èyí ni Switzerland fi bẹ̀rẹ̀ sí í po iodine mọ́ iyọ̀ ní 1922, tí Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1924. Láti 1993 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún iyọ̀ jíjẹ ní Nàìjíríà. “Kẹ́míkà” tí àwọn olùtajà ń bú nínú iyọ̀ ọ̀rá, òun gan-an nìyẹn. Tí iyọ̀ píǹkì bá wù yín torí ẹwà rẹ̀, ẹ rà á, ẹ fi wọ́n ẹja tí ẹ yan. Ṣùgbọ́n aláboyún tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú ilé rẹ̀, tí kò sì lọ sí ibòmíràn wá iodine, ewu ni. Iyọ̀ oní-iodine náà, ẹ dé e pa, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ lórí fóònù kì í pààyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn káàkiri pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé jáde sọ pé ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ni pé ó kéré tán èèyàn méjì ti kú lórílẹ̀-èdè wa nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lójijì, á fa omi jáde nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ti ọpọlọ ló sì léwu jù.

Ẹ má pè é ní kán-ún

Àwọn kan máa ń pe òkúta iyọ̀ ní kán-ún, torí pé àwọn méjèèjì le, wọ́n sì máa ń wá ní òkúta òkúta. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kán-ún náà jẹ́ mínírà, ó ń ti ibi omi adágún tó gbẹ wá, ní agbègbè adágún Chad pàápàá, ṣùgbọ́n kò sí chlorine tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Sodium tirẹ̀ so mọ́ èròjà tó ń yọ gáàsì. Òun ló ń mú ẹ̀wà rọ̀, tó sì ń mú ewédú yọ̀. Iyọ̀ kò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ gbé èérún kán-ún sínú àwo kan, kí ẹ gbé iyọ̀ sínú òmíràn, kí ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjèèjì. Kán-ún á hó, á yọ fóòmù. Iyọ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Tí ẹnì kan bá sì ní iyọ̀ píǹkì nílé, kó yọ́ ṣíbí méjì nínú ife omi kan tó mọ́, kó sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á mọ́ gaara bíi ti iyọ̀ funfun, á sì rí erùpẹ̀ pupa díẹ̀ tó jókòó sí ìsàlẹ̀ ife.